Òjìji Sítíkà Lára Ọkọ̀ Aláwọ̀ Aró

Sítíkà mẹ́sàn-án ni mo kà lára ọkọ̀ tí màmá mi fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ojú wọn kò gbé ìwakọ̀ alẹ́ mọ́. Mẹ́ta wà lára bọ́ńpà ẹ̀yìn, méjì wà lórí búùtù, ọ̀kan wà lára fẹ́ńdà òsì, ìyẹn irin tó bo táyà iwájú, ọ̀kan wà lára gíláàsì ẹ̀yìn, méjì tó kù sì wà lára gíláàsì iwájú. Toyota Corolla tòkúnbọ̀ ni ọkọ̀ náà. Búlúù rẹ̀ ki tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí a fi ń pè é ní Aláró nínú ilé wa, kì í ṣe nítorí pé Òròkí ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo nìkan, ṣùgbọ́n nítorí pé aláró ni ìyá tó bí màmá mi, tí wọ́n sì máa ń sọ pé àwọ̀ ọkọ̀ yẹn dà bí aṣọ tí a rì sínú ìkòkò nígbà mẹ́fà.

Màmá mi kì í kọ sítíkà. Bí ìjọ bá ṣe ìkórè, bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ bá ṣe ìpàdé ọdún, bí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni bá ṣe àjọ̀dún, wọn a gba sítíkà, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó wakọ̀ kúrò níbẹ̀. Èmi kò kórìíra àwọn sítíkà náà. Ohun tó jẹ́ kí n pinnu láti yọ wọ́n ni ọlọ́pàá kan tó dá mi dúró lójú ọ̀nà Ìkìrun, tó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, tó sì fi ọ̀wọ̀ púpọ̀ béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Tíṣà, ilé ìwé wo lẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ?” Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe ní Ìgbọ̀nà. Ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì dárúkọ ilé ìwé màmá mi. Bí mo ti kúrò níbẹ̀ ni mo mọ̀ pé n kò lè máa fi ẹ̀rí tí kì í ṣe tèmi gun títì.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìṣe. Mo mú ti fẹ́ńdà ṣáájú nítorí pé òun ló kéré jù. Pẹ́ńtà kan tó ń kun ọkọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá mi lóhùn láì gbé ojú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ fi tínà nù ún, ó máa lọ.” Mo ra ìgò kékeré kan tínà, ìyẹn omi tí àwọn pẹ́ńtà fi ń po ọ̀dà, mo bù ú sí àkísà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Sítíkà náà kò mira. Ọ̀dà tó yí i ká ló kọ́kọ́ ṣù jọ bí awọ orí ẹ̀kọ gbígbóná, àkísà ọwọ́ mi di búlúù, nígbà tí mo sì fi máa dá ọwọ́ dúró, fílà aláwọ̀ eérú, ìyẹn ohun tí àwọn pẹ́ńtà fi ń dí ojú irin tó wọnú, ti ń wò mí láti abẹ́ ibẹ̀. Màmá mi jáde wá, wọ́n gbóòórùn afẹ́fẹ́, wọ́n ní, “Àkànní, ta ló ní kí o fún ọkọ̀ mi ní ọtí mu?”

Àwọn náà ló wá sọ ohun tí ó yẹ kí n ti béèrè ṣáájú: pé ọlọ́kadà kan ti fi orí sọ fẹ́ńdà yẹn ní ìkóríta Ọláìyá nígbà tí n kò sí nílé, pé wọ́n fi fílà dí ibi tó wọnú, wọ́n sì tún un kùn. Ọ̀dà tó wà lára fẹ́ńdà náà kì í ṣe irú èyí tó wà lára búùtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi kun ọkọ̀, inú ààrò ni wọ́n ti ń yan án, ní nǹkan bí 140 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí gbogbo èròjà inú rẹ̀ lè so mọ́ ara wọn pátápátá. Ìgbà tó bá ti so bẹ́ẹ̀ tán, tínà kò tún ní tètè rí i yọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí àwọn pẹ́ńtà ẹ̀bá ọ̀nà ń pè ní sẹ́lúlóòsì kì í so bẹ́ẹ̀. Tínà inú rẹ̀ kàn ń fò lọ ni, ọ̀dà a sì gbẹ sílẹ̀, bí ìgbà tí omi ṣúgà bá gbẹ sí ìsàlẹ̀ ife. Ọjọ́ tí omi bá tún kan ṣúgà náà ni yóò yọ́. Ọjọ́ tí tínà bá tún kan sẹ́lúlóòsì ni yóò padà di ohun tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ nínú agolo. Pẹ́ńtà yẹn kò parọ́ fún mi. Òun náà kò kàn béèrè irú ọ̀dà tó wà lára ọkọ̀ mi ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mú òòfà kékeré kan dání, èyí tó ti ara ilẹ̀kùn fíríìjì wá, tí mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé kí ó má baà họ nǹkan. Níbi tí irin bá ti wà lábẹ́ ọ̀dà lásán, òòfà a gbá a mú. Níbi tí fílà bá ti nípọn, òòfà a yọ̀ bọ́. Mo fi í yẹ gbogbo ara Aláró wò, mo sì rí i pé fẹ́ńdà yẹn nìkan ni wọ́n ti dí. Bọ́ńpà kò gbọ́ ti òòfà rárá nítorí pé ike ni, ìyẹn sì ní wàhálà tirẹ̀, nítorí pé ọ̀dà kì í fẹ́ràn ara ike tó bí ó ṣe fẹ́ràn ara irin, bí a bá sì fa sítíkà kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó lè bá ọ̀dà wá.

Bí ènìyàn bá mọ bí ọ̀dà ọkọ̀ ti fẹ́lẹ́ tó, ọwọ́ rẹ̀ yóò rọ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún un. Gbogbo ìpele ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi sára ọkọ̀, láti èyí tó ń dènà ìpẹtà títí dé èyí tó ń dán lókè, kò ju nǹkan bí 100 sí 150 máíkírónì lọ, ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló sì wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Èyí tó wà lókè pátápátá, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà, kò ju 40 tàbí 50 lọ nínú rẹ̀. Kò ní àwọ̀ kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dán, kí ó sì gba ìtànṣán oòrùn dúró kí ó má baà pa àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ rẹ́. Gbogbo ohun tí à ń sọ nípa kí sítíkà má ba ọ̀dà jẹ́, lórí ohun tí ó fẹ́lẹ́ ju fọ́nrán irun orí lọ ni à ń sọ ọ́. Ọ̀bẹ kò ní ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò, tí ọmọ àdúgbò kan fi ìfẹ́ mú wá fún mi.

Gọ́ọ̀mù ló wá kù. Ọdún 1935 ni Stanton Avery, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn bébà alámì tó ti ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́, tí kò nílò kí a fi itọ́ tàbí omi kàn án kí ó tó lẹ̀. Gọ́ọ̀mù irú èyí kì í gbẹ láéláé. Láàárín kí ó ṣàn àti kí ó dì ló máa ń wà, bí àtè tí àwọn ọmọdé ayé àtijọ́ fi ń dẹ ẹyẹ. Ìdí nìyí tí ìyára fi ṣe pàtàkì. Bí o bá fà á kíá, kò ní ráyè ṣàn, yóò le koko, sítíkà yóò ya, tàbí kí ọ̀dà tí kò lẹ̀ dáadáa bá a wá. Bí o bá fà á díẹ̀díẹ̀, tí o sì ti mú un gbóná, yóò máa nà bí okùn, yóò sì máa fi ara sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí mi lẹ́nu iṣẹ́ náà ló rán mi létí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ iye ìgbóná tó wà nínú ẹ̀sọ̀, tàbí iye ìṣẹ́jú, tàbí apá ibi tí ó yẹ kí a fà á sí. Mo ti wá gbà pé mímọ ohun tí nǹkan fi ṣe ara ló ń jẹ́ ẹ̀sọ̀. Mo rọra nu tínà yẹn gan-an.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo tún bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Ọ̀sán Òṣogbo kò dára fún iṣẹ́ yìí, pàápàá fún ọkọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú: irin rẹ̀ a gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè dúró lórí rẹ̀, ohunkóhun tí a bá sì fi pa gọ́ọ̀mù yóò ti gbẹ kí ó tó ṣiṣẹ́. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ọyẹ́ náà kò dára, nítorí pé òtútù ń mú ike sítíkà gan, a sì máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni mo fi ọṣẹ tí kò le àti omi púpọ̀ fọ gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí fífọ̀ yìí nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ń fò. Eruku ìlú wa, iyanrìn wẹ́wẹ́ ni. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, gbogbo ìnùpadà-ìnùbọ̀ tí a máa ṣe lẹ́yìn náà, sáńpépà ni à ń fi nu ọkọ̀ láì mọ̀, ojú ibi tí sítíkà wà yóò sì dà bí ibi tí adìyẹ ti ta.

Mo ti yá dráyà tí àbúrò mi obìnrin fi ń gbẹ irun. Ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, iná sì lọ. Bóyá ó sì sàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé omi gbígbóná ni mo padà sí, omi gbígbóná kò sì lè jó ọ̀dà. Mo gbé kẹ́tùrù ka orí gáàsì, mo jẹ́ kí omi gbóná gan-an láì hó, mo ri táwẹ̀lì kékeré kan bọ̀ ọ́, mo fún un, mo sì tẹ́ ẹ lé sítíkà àkọ́kọ́ lórí búùtù, èyí tó jẹ́ ti àjọ̀dún ilé ìwé. Ìṣẹ́jú méjì, mo tún un rì. Ìṣẹ́jú méjì, mo tún un rì. Ní ìgbà kẹta, èékánná mi wọ abẹ́ igun rẹ̀. Mo fi káàdì báǹkì tó ti kú, tí mo fi aṣọ rírọ̀ wé etí rẹ̀, ti igun náà sókè títí ọwọ́ méjì fi lè dì í mú. Mo wá yí i padà lé ara rẹ̀ lórí, mo sì ń fà á lọ ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀, kí ó máa tọ ara ọkọ̀ lọ. N kò fà á sókè sí ọ̀run, nítorí pé fífà sókè gan-an ló ń fa ọ̀dà sókè. Nígbà tó bá ń le, mo dá ọwọ́ dúró, mo tún fún un ní táwẹ̀lì. Odindi ló wá, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé, màmá mi sì gbà á lọ́wọ́ mi láti fi pamọ́ sínú àpótí wọn.

Èkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ti olóṣèlú kan ni, ẹni tí kò wọlé, ojú rẹ̀ sì gba gbogbo àárín búùtù. Oòrùn ti jẹ́ kí èròjà tó ń mú ike rọ̀ fò kúrò nínú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó ti súnkì, ó sì ti sán bí ilẹ̀ odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ẹyọ kan tó wá tí ó tóbi ju èékánná lọ. Fìlà rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà etí kan, lẹ́yìn náà ìlérí rẹ̀ lórí ọ̀nà. Ó gbà mí ní wákàtí méjì àti ìkòkò omi mẹ́ta, ẹ̀rín rẹ̀ ló sì pẹ́ jù.

Nígbà tí ike bá lọ tán, gọ́ọ̀mù a máa kù sẹ́yìn, a sì máa mú eruku. Omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ohun olóróró ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Màmá mi dábàá epo pupa, mo bẹ̀ wọ́n pé kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Òróró ẹ̀pà ni mo fi òwú pa sí i, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gọ́ọ̀mù náà sì di ohun tí a lè fi àtàǹpàkò yí ká kúrò. Níbi tó ti le jù, mo fi kẹrosíìnì díẹ̀ sí aṣọ, mo nù ún, mo sì tètè fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Agolo WD-40 tí àwọn mẹkáníìkì ń fọ́n sí nọ́ọ̀tì tó dì, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní San Diego ní 1953, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nítorí pé inú epo rọ̀bì ni òun àti kẹrosíìnì ti jọ wá. Pẹtiróòlù ń kó gọ́ọ̀mù lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, n kò sì rí ìdí tí ènìyàn fi máa fi ilé wewu nítorí sítíkà. Ní ti omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ọ̀rọ̀ fẹ́ńdà ti kọ́ mi. Àní òróró àti kẹrosíìnì pàápàá, abẹ́ etí búùtù, níbi tí ojú kò tó, ni mo ti kọ́kọ́ dán wọn wò kí n tó gbé wọn wá sí gbangba.

Ti bọ́ńpà kò gba àlàyé púpọ̀: bébà ni méjì nínú wọn, omi ọṣẹ sì ti tó, ẹ̀kẹta ni mo fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ yọ, mo sì lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíláàsì ló rọrùn jù, nítorí pé òun nìkan ni a lè fi abẹ kàn. Kí gíláàsì tutù fún omi ọṣẹ, kí abẹ jẹ́ tuntun, kí ó sùn sílẹ̀ dáadáa, kí ó sì máa lọ síwájú nìkan. Ṣùgbọ́n gíláàsì ẹ̀yìn ní àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lé ìrì lọ, inú ni wọ́n sì kùn wọ́n sí, inú náà ni màmá mi lẹ sítíkà ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mọ́, lórí ìlà mẹ́ta gan-an. Ẹnì kan lè sọ pé kí ni ará Òṣogbo fẹ́ fi amúgíláàsì-gbóná ṣe. Kí onítọ̀hún wakọ̀ láti Gbọ̀ngán bọ̀ nínú òjò oṣù kẹsàn-án, yóò mọ̀. N kò jẹ́ kí abẹ sún mọ́ ibẹ̀. Òróró ni mo fi rẹ ẹ́, mo sì ń nù ún ní ìbú, bí ìlà náà ṣe lọ.

Ọ̀kan ni mo fi sílẹ̀, lókè igun gíláàsì iwájú. Kékeré ni, àwọn tó ni ọkọ̀ náà ní òkè òkun ló lẹ̀ ẹ́, èdè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò lè kà ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú iye kìlómítà tí ó yẹ kí wọ́n tún pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọkọ̀ náà ti rìn ju iye yẹn lọ ní ìlọ́po méjì. N kò mọ ìdí tí n kò fi lè yọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí òjìji náà. Mo ti fọ búùtù, mo ti nù ún gbẹ, kò sí gọ́ọ̀mù kankan níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ojú olóṣèlú yẹn ṣì wà níbẹ̀ ní onígun mẹ́rin tó dán, lẹ́tà àjọ̀dún ilé ìwé sì hàn gbangba. Ojú tèmi ló kọ́kọ́ rò pé mo ti ba ọ̀dà jẹ́. Ìyá àgbà ni ìrántí wọn gbà mí sílẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọn a máa fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, wọn a sá a gbẹ, wọn a rì í sínú aró, wọn a gbé e jáde, wọn a tún un rì. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní rí i mú. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ họ ẹ̀kọ náà kúrò, wọn a kọ́kọ́ fi omi rẹ ẹ́, wọn kì í họ ọ́ ní gbígbẹ, ọnà a sì jáde ní funfun lójú búlúù. Ohun kan náà ni oòrùn ti ṣe sí Aláró, àfi pé ó yí i padà: ibi tí sítíkà bò ni àwọ̀ ti kù, gbogbo ibi tó kù ló ti ṣí. Sítíkà kò ba nǹkan jẹ́. Àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni àwọ̀ tí ọkọ̀ náà ní lọ́jọ́ tí màmá mi rà á, a kò kàn rántí mọ́ pé ó dúdú tó bẹ́ẹ̀ ni.

Kọ́ḿpáǹdù tó kúnná jù lọ ni mo rà, mo fi fóòmù rírọ̀ pa á sí i, mo sì nù ún ní ìlà tààrà dípò kí n máa yí i po. Ohun tí kọ́ḿpáǹdù ń ṣe ni pé ó ń gé orí kílíà tí oòrùn ti jẹ, kí ibi tó ti ṣí lè súnmọ́ ibi tí kò ṣí. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá gé kì í tún hù. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, òjìji náà ṣí kúrò títí ó fi kù díẹ̀, ọwọ́ sì ń yún mi láti ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ka máíkírónì náà lórí, mo di ìdérí agolo. Mo fi wáàsì pa gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sán, kò sẹ́ni tó lè rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi èmi. Ní òwúrọ̀ tí ìrì bá sẹ̀, gbogbo lẹ́tà náà a tún jáde kedere títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo gbé màmá mi bọ̀ láti ibi ìkórè. Bí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú báàgì, wọ́n sì yọ sítíkà tuntun kan, wọ́n ń bó ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ń lọ sí ìdí búùtù.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, gíláàsì ni.”

“Gíláàsì wo?”

“Ti ẹ̀yìn. Láti ìta. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sí igun ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wo búùtù, wọ́n wo gíláàsì. Wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó wọ́ díẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi.